Ẹ Bi Wá: Ọyẹ́ Dé, Kí Ni Kí A Ṣe sí Ẹja Ẹ̀yìnkùlé?

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni eruku ti ń bo Àpáta Zuma lójú, débi pé ẹni tí ó bá ń ti Kàdúná bọ̀ ní àárọ̀ kò ní rí i títí mọ́tò yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láti ìgbà náà sì ni lẹ́tà àwọn ẹlẹ́ja ti ń wọlé sí wa ju lẹ́tà aládìẹ lọ. Ẹja nìkan ni a ó fi ojú ewé yìí sọ lóṣù yìí. Mo ti ń sin ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Kubwa, Abuja, láti ọdún mọ́kànlá, ṣùgbọ́n n kì í ṣe dókítà ẹranko. Ohun tí mo fi ojú rí, tí mo sì fi owó kọ́, ni mo máa ń sọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá agbára mi, n óò tọ́ka sí ibi tí ó yẹ kí ẹ lọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní adágún ẹja oníbúlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìn ilé wa ní Lugbe, Abuja, mítà mẹ́ta ní gígùn, mítà méjì ní ìbú. Oṣù kẹjọ ni mo kó ọmọ ẹja àrọ̀ 250 sínú rẹ̀, wọ́n sì ń jẹun dáadáa títí ọyẹ́ fi dé. Ní báyìí, bí mo bá da fíìdì sí i ní agogo méje àárọ̀, díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ìyókù á léfòó títí di ọ̀sán. Omi náà ti ń rùn. Mo pààrọ̀ gbogbo omi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá dà bí ẹni pé ṣe ni ó tún ń rẹ̀ wọ́n sí i. Mẹ́rin ti kú. Ṣé òtútù ni ó ń pa wọ́n? — Ìyá Ìbejì, Lugbe

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àfaradà. Kì í ṣe òtútù. Òtútù Lugbe kì í sábà le débi tí yóò fi pa ẹja àrọ̀ tí ó ti lo oṣù mẹ́rin nínú omi. Fíìdì òwúrọ̀ yẹn ni ó ń pa wọ́n, àti omi tí ẹ fi ń pààrọ̀. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Ẹja kò ní ìgbóná ara tirẹ̀ bíi ti àwa ènìyàn tàbí ti adìẹ. Bí omi bá ṣe rí ni ara rẹ̀ ṣe ń rí. Omi tí ó wà láàárín dígírì 26 sí 30 ni ẹja àrọ̀ fẹ́ràn jù; inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ti ń dà nínú rẹ̀ tí ó sì fi ń sanra. Bí omi bá wá lọ sílẹ̀ dé 20, ikùn rẹ̀ á lọ́ra, oúnjẹ tí ó jẹ lánàá á ṣì wà níbẹ̀, ẹja á sì lọ dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ adágún láìka ariwo agolo fíìdì sí. Kì í ṣe àìsàn, ìwà rẹ̀ ni. Àwa tí a dúró létí adágún ni a máa ń rò pé kò tíì rí oúnjẹ náà, tí a óò tún wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i.

Ẹ lọ wo fíìdì tí ó léfòó yẹn ní agogo méjìlá ọ̀sán. Yóò ti wú bí ẹ̀wà tí a rẹ mọ́jú, bí ẹ bá sì fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, yóò fọ́ sínú omi bí ẹ̀kọ tí kò dì. Èyí tí ó bá rì ni yóò lọ jẹrà nísàlẹ̀. Ìjẹrà náà ni ẹ ń gbọ́ òórùn rẹ̀, òun náà ni ó sì ń mú amóníà jáde, èyí tí imú ènìyàn kì í tètè mọ̀ nínú omi ṣùgbọ́n tí ó máa ń jó ẹja níbi tí ó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ibi ìmí yẹn tí ó fi lè gòkè wá gba afẹ́fẹ́ bíi tiwa, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń rà á láàyè lọ́jà nínú bàsíà tí omi rẹ̀ kò bò ó lẹ́yìn. Ẹ̀bùn yẹn gan-an ni ó ń tàn wá jẹ. Omi tí yóò ti pa ẹja èpìyà láàárín òru kan, àrọ̀ á fara dà á fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, a óò sì rò pé kò sí ewu, títí a ó fi jí bá ọ̀kan tí ó yí ikùn sókè.

Ẹ dá fíìdì òwúrọ̀ dúró pátápátá. Ìgbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yọ ni omi máa ń tutù jù, àárín agogo méjì sí mẹ́rin ọ̀sán ni ó sì máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ jù. Ìgbà náà ni kí ẹ fún wọn lóúnjẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré lóòjọ́, kí ẹ sì dúró tì wọ́n. Èyí tí wọ́n bá jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìwọ̀n wọn. Ẹ fi àwọ̀n kékeré kó ìyókù kúrò. Ẹ wá tẹ̀mómítà kan rà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ohun èlò sáyẹ́ǹsì fún ilé ẹ̀kọ́, ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹ máa rì í bọ omi tó gígùn apá ní agogo méje àárọ̀ àti agogo mẹ́ta ọ̀sán. Èmi máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye rẹ̀ sára búlọ́ọ̀kù, tí àlejò á fi rò pé gbèsè ni mò ń kọ síbẹ̀. Bí omi ọ̀sán bá ti lé ní 24, mo fún wọn ní oúnjẹ wọn. Bí ó bá wà láàárín 20 sí 24, ìdajì ni. Bí kò bá tó 20, n kò da nǹkan kan sí i lọ́jọ́ náà. Ẹja àrọ̀ tí ó ti dàgbà kì í kú nítorí pé kò jẹun fún ọjọ́ méjì mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó wá kàn, ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti jìyà jù. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ní ọmọ ẹja 300 nínú adágún onítapólì kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejìlá, agogo mẹ́fà kò tíì lù, mo tú omi àtijọ́ dànù, mo sì ṣí omi sí i láti inú táǹkì tí ó wà lórí òpó lẹ́yìn ilé. Táǹkì náà ti fi gbogbo òru gba atẹ́gùn ọyẹ́ lókè yẹn, omi rẹ̀ sì tutù débi pé ọwọ́ mi kú tipiri. Àwọn ọmọ ẹja náà sáré yí po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì dúró gbagidi sójú kan. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àmì funfun ti yọ sí wọn lára, mo sì kó ohun tí ó lé ní 100 sínú kòtò tí mo gbẹ́ sábẹ́ igi ìbẹ́pẹ. Igi ìbẹ́pẹ náà so dáadáa lọ́dún yẹn. Èrè tí mo rí nìyẹn.

Omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ilẹ̀ jáde kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kì í mọ̀ pé ọyẹ́ dé. Omi bọhóòlù ní agbègbè Abuja sábà máa ń lé ní dígírì 25, yálà nínú ọyẹ́ tàbí nínú ooru, nítorí náà ní òwúrọ̀ ọyẹ́, òun ni ó máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ ju omi adágún lọ. Ẹ tan páǹpù, kí ẹ gba omi tààrà láti inú ilẹ̀, kí ẹ má gbà á láti inú táǹkì òkè. Ẹ jẹ́ kí ó gba inú ike tí ẹ lu ní ihò wẹ́wẹ́ já sínú adágún láti òkè, nítorí pé omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sábà ní ọ́síjìn púpọ̀, jíjá yẹn ni yóò fi gba afẹ́fẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni kí ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, ìsàlẹ̀ níbi tí ìdọ̀tí wà ni kí ẹ sì ti máa fa èyí tí ẹ ń dà nù. Adágún yín gba lítà 6,000 bí omi inú rẹ̀ bá ga ní mítà kan. Bí ó bá wà ní dígírì 20, tí ẹ fa lítà 2,000 jáde, tí ẹ sì fi omi dígírì 26 rọ́pò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di 22. Dígírì méjì yẹn kò pọ̀ lójú wa, ṣùgbọ́n ẹja mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rúwà ni ó ń gbé omi wá fún yín, ẹ dà á sínú dúrọ́ọ̀mù dúdú kí oòrùn pa á títí di ọ̀sán kí ẹ tó lò ó, torí pé omi kẹ́ẹ̀gì tí ó ti sun orí ọmọlanke mọ́jú kò yàtọ̀ sí ti táǹkì òkè.

Ẹ ṣọ́ gíga omi náà pẹ̀lú. Ọyẹ́ máa ń fa omi lọ láìjẹ́ pé ibì kankan ń jò. Adágún tí omi rẹ̀ bá ti dín di ìdajì mítà á máa tètè tutù ní ìlọ́po méjì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ojú omi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lé kò dín kù, ṣùgbọ́n omi tí ó gbé ooru pamọ́ lábẹ́ rẹ̀ ti dín sí ìdajì. Ní alẹ́, ẹ fi igi tẹ́ orí adágún, kí ẹ ta náílọ́ọ̀nù lé e kí ó má kan omi, kí ẹ sì ṣí igun kan sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bí oòrùn bá ti yọ, ẹ ká a. Bí ẹ bá ní imọ̀ ọ̀pẹ tí ẹ fi ṣe ìbòòji nígbà ooru, ẹ ká òun náà. Oòrùn ọ̀sán ni iná ọ̀fẹ́ tí a ní. Àwọn mẹ́rin tí ó kú yẹn, ẹ má sè é, ẹ má sì fún aládùúgbò.

Ìbéèrè: Ọmọ mi tí ó ń gbé Ìlú Ọba sọ fún mi pé àwọn aládùúgbò òun tí ó ní adágún ẹja ní ẹ̀yìnkùlé kì í fún ẹja lóúnjẹ rárá láti ìgbà tí òtútù bá ti wọlé títí yóò fi lọ, àwọn ẹja náà kì í sì í kú. Ṣé kí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí àrọ̀ mi 200 títí di oṣù kẹta? Owó fíìdì ti fẹ́ lé mi kúrò nílé. — Bàbá Arúgbó, Barnawa, Kàdúná

Ìdáhùn: Bàbá, òótọ́ ni ọmọ yín sọ, ṣùgbọ́n ẹja tí ó rí kì í ṣe ẹja tiyín. Àwọn tí wọ́n ń sin síbẹ̀, goldfish àti koi, ìran ẹja tí òtútù bá lára mu ni wọ́n. Bí omi bá ti lọ sísàlẹ̀ dígírì 10, wọn kì í fún wọn lóúnjẹ mọ́ nítorí pé kò ní dà. Ojú adágún lè dì di yìnyín, ṣùgbọ́n omi tí ó wà ní dígírì 4 ni ó wúwo jù nínú gbogbo omi, òun ni ó máa ń wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ẹja náà á sì dùbúlẹ̀ sí láìmira títí ojú ọjọ́ á fi yí padà. Ẹni tí ó mọṣẹ́ níbẹ̀ kì í fi òòlù fọ́ yìnyín náà, nítorí pé ìgbì rẹ̀ nínú omi lè pa ẹja lára. Ìkòkò omi gbígbóná ni wọ́n ń gbé lé e títí ihò kan á fi là, kí afẹ́fẹ́ búburú lè rí ọ̀nà jáde. Wọ́n sì máa ń gbé páǹpù kúrò nísàlẹ̀ kí ó má baà da omi ìsàlẹ̀ tí ó sàn díẹ̀ pọ̀ mọ́ ti òkè.

Ní Kàdúná, òru lè tutù tí ènìyàn á fi bo aṣọ méjì, ṣùgbọ́n kí ó tó di agogo méjì ọ̀sán, ẹ ti bọ́ súwẹ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àrọ̀ tiyín kì í sun oorun oṣù mẹ́ta. Bí omi bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ́sàn-án, ebi dé nìyẹn. Bí ẹ bá febi pa á títí di oṣù kẹta, kì í ṣe òun ni yóò kú, ọmọ ìyá rẹ̀ ni yóò jẹ, nítorí ẹja àrọ̀ kì í mọ ojú ẹbí. Ẹ ó fa omi gbẹ lọ́jọ́ títà, ẹ ó bá ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó tóbi bí itan ọmọdé níbi tí ẹ kó 200 sí, ẹ ó sì máa fura sí mẹ́gáàdì lásán. Ẹ máa fún wọn ní ìdajì lọ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ fún Ìyá Ìbejì. Ìdajì owó fíìdì yẹn ti wọ àpò yín. Kí ẹ sì ṣa àwọn ńlá sọ́tọ̀ kúrò láàárín kékeré ní ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn bá mú, kì í ṣe ní àárọ̀.

Ohun kan wà tí a lè kọ́ lára àwọn ará ibẹ̀. Kí òtútù tó wọlé ni wọ́n ti máa ń kó ewé àti ẹrẹ̀ kúrò nínú adágún, tí wọ́n á sì ta àwọ̀n bò ó. Ewé tí ó bá rì sínú omi á jẹrà bíi fíìdì ni. Bí igi dóńgóyárò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún yín, àwọ̀n kì í ṣe ọ̀ṣọ́, nítorí kíkorò inú ewé yẹn kò dára fún ẹja bí ó bá pọ̀ nínú omi. Àwọ̀n kan náà á lé àwọn ẹyẹ tí ń pẹja, àwọn tí odò wọn ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n sì ń wá ilé onílé kiri.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Agùnbánirọ̀ ni mí ní Jos. Ẹnì kan tí ń pa ẹyin ẹja fẹ́ ta ọmọ ẹja àrọ̀ 1,000 fún mi ní ìdajì owó nínú oṣù kejìlá yìí. Mo ti ra tapólì tuntun. Mo sì ń ronú láti ra ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná kí n fi bọ inú rẹ̀ lálẹ́. Kí ni ẹ rí sí i? — Agùnbánirọ̀, Jos

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má rà á. Ẹni tí ó ń ta ọjà ní ìdajì owó mọ ohun tí ó ń lé e. Jos fi ohun tí ó lé ní mítà 1,200 ga ju ojú òkun lọ, ìdí nìyẹn tí òru ọyẹ́ ibẹ̀ kì í fi í ṣe ẹgbẹ́ ti Abuja. Àrọ̀ ńlá lè dùbúlẹ̀ dúró de ọ̀sán, ṣùgbọ́n ọmọ ẹja tí kò ju ìka ọwọ́ lọ kò ní ọ̀rá lára tí yóò jẹ kù, kò sì tíì ní agbára láti bá àìsàn jà. Kì í ṣe òtútù nìkan ni ìṣòro rẹ̀, bí kò ṣe kí omi tutù lóru, kí ó gbóná lọ́sàn-án, kí ó tún tutù lóru. Tapólì ni ó burú jù nínú èyí, torí pé ó tín-ín-rín, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i lára yíká.

Ní ti ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná, jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti fi dígírì márùn-ún kún ooru omi lítà 1,000, yúníìtì iná tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́fà ni yóò jẹ, láìtíì ka èyí tí atẹ́gùn á gbà padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, wàá tún bẹ̀rẹ̀. Owó agùnbánirọ̀ kò gbé e. Iná tí ó bá sì lọ ní agogo méjì òru á dá omi náà padà sí òtútù nígbà tí ìwọ ń sùn. N kò tíì sọ ti wáyà nínú omi, ní ibi tí ìwọ yóò ti máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Fi sùúrù dúró di ìparí oṣù kejì tàbí oṣù kẹta. Ní báyìí, rọ omi sínú tapólì tuntun yẹn, jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí òórùn rẹ̀ lè lọ, dà á nù, kí o sì tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹja àrọ̀ tí a bọ́ dáadáa máa ń gbà tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kí ó tó wọn kílò kan, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ ta ẹja ní Kérésìmesì, oṣù kẹfà ni ó yẹ kí ó ti kó ọmọ ẹja sómi, kí ọyẹ́ lè bá a ní àgbà. Bí ó bá jẹ́ pé o ti sanwó (mo fura sí i, nítorí ọ̀nà tí o gbà béèrè), sọ fún un kí ó gbé wọn wá ní ọ̀sán. Gbé tapólì náà sínú ilé, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ kọ̀rọ̀ yàrá ìdáná, jẹ́ kí ọ̀rá tí ó kó wọn wá léfòó lórí omi tirẹ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí omi méjèèjì lè bára mu, kí o tó rọra tú wọn sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ó dára kí n máa se omi gbígbóná dà sínú adágún mi lálaalẹ́? Ó gba lítà 3,000. — Òǹkàwé kan, Gwagwalada

Ìdáhùn: Bí ẹ bá da kẹ́ẹ̀gì lítà 25 omi híhó sínú lítà 3,000 tí ó wà ní dígírì 20, kò ní fi odindi dígírì kan gbóná sí i, ẹja tí ó bá sì wà níbi tí omi náà bọ́ sí á bó láwọ̀. Ẹ tọ́jú gáàsì yín. Náílọ́ọ̀nù lálẹ́ àti omi bọhóòlù lówùúrọ̀ ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Nǹkan funfun yọ sí ẹja mi lára bí ẹni pé a wọ́n iyọ̀ sí i, àwọn mìíràn sì ń fi ara ha ògiri adágún. Aládùúgbò mi ní kí n tú kápúsù tẹtrasáíkílìnì sínú omi. — Òǹkàwé kan, Samaru, Zaria

Ìdáhùn: Ẹ má tú u sí i o. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jọ kòkòrò kan tí ojú lásán kì í rí, tí ó máa ń wọ abẹ́ awọ ẹja. Òun ni ó pa tèmi lọ́dún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Omi tí ó wà láàárín dígírì 15 sí 25 ni ó fẹ́ràn, ìyẹn omi ọyẹ́ gan-an. Tẹtrasáíkílìnì kì í pa á, ṣùgbọ́n oògùn náà lè wà nínú ẹran ẹja tí ẹ ó tà fún ọmọlọ́mọ.

Iyọ̀ tí a fi ń sebẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Kílò kan sí lítà 1,000 omi ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹja bá gbà á, ẹ lè fi kún un díẹ̀díẹ̀ ní ọjọ́ méjì sí i títí yóò fi di kílò mẹ́ta. Inú báàkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti yọ́ ọ kí ẹ tó dà á yíká, ẹ má da iyọ̀ gbígbẹ lé ẹja lórí. Iyọ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ kòkòrò tí ó wà lábẹ́ awọ. Ìgbà tí ó bá já bọ́ sísàlẹ̀ adágún, tí ó bímọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń lúwẹ̀ẹ́ kiri wá ẹja mìíràn, ni iyọ̀ ń rí wọn mú. Nínú omi gbígbóná, gbogbo ìyẹn kì í ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n nínú omi tútù, ó lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Nítorí náà ẹ má sọ pé ó ti tán nígbà tí àmì funfun bá parẹ́. Ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú omi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, iye omi tí ẹ bá sì pààrọ̀ ni kí ẹ fi iyọ̀ tuntun sí. Ẹ máa gbá ìsàlẹ̀ adágún, ibẹ̀ ni ó ń bímọ sí.

Bí ohun tí ẹ rí bá jọ òwú tí ó lẹ̀ mọ́ ojú egbò, kì í ṣe kòkòrò yìí, ọ̀tọ̀ ni. Samaru ni ẹ wà, ẹ kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ahmadu Bello. Ẹ gbé ẹja méjì tí ó ń ṣàìsàn tí ó ṣì ń mí lọ síbẹ̀ nínú omi ara adágún náà. Èyí tí ó ti kú láti àná kò ní ohun púpọ̀ tí yóò sọ fún dókítà.

Ìbéèrè: Ìgbà wo gan-an ni mo lè padà sí fíìdì ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́? Àwọn kan ní ìparí oṣù kìn-ín-ní, àwọn kan ní oṣù kẹta. — Òǹkàwé kan, Minna

Ìdáhùn: Ẹ má bi kàlẹ́ńdà, tẹ̀mómítà ni kí ẹ bi. Ọyẹ́ a máa lọ, a sì tún máa padà wá, mo sì ti rí i nínú oṣù kejì tí ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan ooru kí eruku tó tún bo ilẹ̀. Ìgbà tí omi agogo méje àárọ̀ yín bá ti wà ní 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ méje léraléra ni kí ẹ dá fíìdì òwúrọ̀ padà, ìdá kan nínú mẹ́rin lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ máa fi kún un títí ọ̀sẹ̀ méjì á fi pé. Nígbà tí ó bá fi máa tó ìgbà náà ní Minna, ooru oṣù kẹta kò ní jìnnà mọ́, ẹ ó sì tún máa wá imọ̀ ọ̀pẹ tí ẹ ká kúrò. Ẹ fọ eruku ara náílọ́ọ̀nù yín, kí ẹ sá a kí ó gbẹ, kí ẹ sì ká a sókè àjà níbi tí eku kò ti ní jẹ ẹ́ lu.